Irọ́ Kan Ṣoṣo tí Ìyá Fronika Pa

Ketura ì bá ti sá lọ. Gbogbo aláwọ̀ dúdú tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní Gettysburg ló ti sá, nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn ọmọ ogun Gúúsù, àwọn tó ń jagun kí oko ẹrú má bàa tán, ti wọ Pennsylvania, pé wọ́n ń de èèyàn bí ẹni de ewúrẹ́, wọ́n ń kó wọn lọ sóko ẹrú. Wọn kì í bi èèyàn bóyá ẹrú ni tàbí ọmọ. Ọmọ ni Ketura, inú òmìnira ni wọ́n bí i sí. Òun náà kọ́kọ́ sá lọ sórí òkè, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gba inú ìlú kọjá báyìí, ó padà wálé, nítorí aṣọ oníbàárà tó rẹ sínú omi ọṣẹ. Alágbàfọ̀ ni. Ó rò pé òjò tó ti rọ̀ kọjá kì í padà wá. Wọ́n padà wá o. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú ni ogun bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo ọ̀nà ti dí.

Oko Ìyá Fronika ló sá lọ. Opó arúgbó ni ìyá yìí, àtìgbà tí Ketura ti wà lọ́mọge ló ti ń bá a fọṣọ. Èdè Jámánì tàwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ nílé náà, Ketura sì gbọ́ ọ dáadáa. Ìjọ tí ìyá ń lọ, wọn kì í jagun, wọn kì í búra ní kóòtù, wọn kì í sì í parọ́. Tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ta màlúù fún ọ, àléébù màlúù náà ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ìyá Fronika fúnra rẹ̀ ti fẹsẹ̀ rìn padà sọ́jà rí, nítorí àti dá ẹyin kan tí wọ́n ṣèèṣì kà lé fún un padà.

"Wọn ò ní ṣaláì wo inú ilé," ni ìyá wí. "Wọnú ààrò."

Ààrò búrẹ́dì ni, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n sí ẹ̀yìn ilé. Ketura fi ejìká kan wọlé, ó fa èkejì tẹ̀ lé e. Orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, orí rẹ̀ kan òrùlé ààrò, eérú sì kún imú rẹ̀. Ìyá gbé ìlẹ̀kùn irin dí ẹnu ààrò.

"Ṣé ò ń mí?"

"Mò ń mí, Ìyá."

"Máa mí díẹ̀díẹ̀."

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ogun Gúúsù fi gba oko náà. Wọ́n pa adìyẹ jẹ, wọ́n kó ìyẹ̀fun lọ, abẹ́ igi tó wà níwájú ààrò gan-an ni wọ́n ń sùn sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá rí àyè ti àkísà tó rin fómi sí i láti ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Ketura fún un mu. Oṣù Júláì ni, oòrùn ń yan bíríkì láti òde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, ó tún jí, ó tún kú. Ó tọ̀ sára. Ojú tì í, lẹ́yìn náà inú bí i: òun tí kò jalè, tí kò pààyàn, òun ló ká kò bí ológbò sínú ibi tí wọ́n ti ń dáná.

Ọjọ́ Ẹtì dé, ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣe búrẹ́dì nílé àwọn àgbẹ̀ náà, ó sì dà bíi pé àwọn ọmọ ogun mọ̀.

"Màmá," ni ṣájẹ́ǹtì wọn wí, "òní kọ́ lẹ máa ń dáná sí ààrò? Ẹ dá a, ká rí nǹkan jẹ."

"Búrẹ́dì wo? Ẹ̀yin lẹ kó ìyẹ̀fun mi lọ lánàá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ketura gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, ẹ bi í léèrè àwọn dúdú. Irú ìjọ màmá yìí kì í parọ́. Bàbá kan tó dé irú fìlà wọn yẹn, tí wọ́n bi í lọ́nà ibí, ńṣe ló nawọ́ sí ibi tí àwọn dúdú sá pamọ́ sí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún."

"Ó dáa. Màmá, ṣé dúdú kankan wà lọ́dọ̀ yín?"

Ketura rántí ẹyin yẹn. Ó mọ irú èèyàn tó ń gbé òun pamọ́, ó sì mọ̀ pé òun ti dé oko ẹrú ní Gúúsù nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe na ẹsẹ̀ rẹ̀, kó lè fúnra rẹ̀ jáde.

"Kò sí," ni ìyá wí.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo ní kò sí."

"Ó parí," ni ṣájẹ́ǹtì wí. "Táwọn wọ̀nyí bá ti ní kò sí, kò sí náà ni."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ilẹ̀ ń mì, yanrìn ń já bọ́ láti àárín bíríkì sójú Ketura. Ó rò pé sàréè òun lòun wà yẹn. Ìyá gbé àpótí sẹ́nu ààrò, ó jókòó tì í, kò sì kúrò níbẹ̀.

Òjò rọ̀ ní Àbámẹ́ta, àwọn ọmọ ogun Gúúsù sì kó ẹrù wọn. Nígbà tí Ketura jáde, kò lè nàró. Ìyá ń fi omi nu eérú lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú náà.

"Mo parọ́," ni ìyá wí.

"Ẹ gbẹ̀mí mi là, Ìyá."

"Méjèèjì ni mo ṣe."

Ta ni ì bá mọ̀? Kò sẹ́ni. Ìyá fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún Alàgbà Yost, olórí ìjọ. Yost kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní kò le: ní ìpàdé oṣù Nofẹ́ńbà, kí wọ́n tó jẹ Oúnjẹ Olúwa, kí ìyá dìde, kó ní òun kábàámọ̀, ó tán.

"Ìyá, ẹ sáà sọ ọ́," ni Ketura bẹ̀ ẹ́. "Ẹnu lásán ni."

"Mi ò ní ẹnu lásán," ni ìyá dá a lóhùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìpàdé náà ni Ààrẹ orílẹ̀-èdè wá sí itẹ́ òkú tuntun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun tó kú nínú ìjà náà. Àwọn méjèèjì lọ. Ketura dúró réré sí èrò, nítorí láti ìgbà ààrò, kò lè gbà kí èèyàn yí i ká mọ́. Ọkùnrin kan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ dìde, kí àwọn èèyàn sì tó fara balẹ̀, ó ti jókòó. Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá gbọ́ kò ju ti ọjà lọ.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní dọ́gba la dá gbogbo èèyàn. Ó ní kí ikú àwọn tó kú síbí má já sásán."

"Ṣé ó dárúkọ ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú?"

"Rárá, Ìyá."

"Ṣé ó ti tán ni?"

"Ó ti tán."

"Ó mà kúrú o," ni ìyá wí. "Tèmi ti Àìkú á gùn jù ú lọ."

Ní ọjọ́ Àìkú, Ketura jókòó sórí àga ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ ń jókòó sí. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn nítorí òtútù. Ooru ń mú un. Ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n tún ń bèèrè lọ́wọ́ ìyá yìí. Tí ìyá bá ní òun kábàámọ̀, a jẹ́ pé ó kábàámọ̀ pé ó gba òun là nìyẹn. Bí kò bá sì sọ ọ́, ìjọ tí wọ́n bí i sí, tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, yóò tì í síta. Ketura kò mọ èwo ni kó gbàdúrà fún.

"Arábìnrin Fronika," ni Alàgbà Yost wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ kábàámọ̀ irọ́ tí ẹ pa?"

Ìyá dìde, ó di àga iwájú rẹ̀ mú.

"Mo parọ́, Alàgbà, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Àmọ́ tí mo bá ní mo kábàámọ̀ rẹ̀, irọ́ kejì nìyẹn."

Yost fọwọ́ bo ojú rẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ ò ní lè bá wa jẹun nìyẹn o."

"Mo mọ̀."

Ìyá mú ìborùn rẹ̀, ó kúrò lórí àga tó ti ń jókòó sí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Gbogbo èèyàn rò pé ilé ló ń lọ. Ó rìn títí dé ẹ̀yìn, ó dúró ti Ketura.

"Sún," ni ìyá wí. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ketura sún. Wọ́n gbé búrẹ́dì Oúnjẹ Olúwa láti àga dé àga, títí ó fi dé iwájú wọn gan-an, wọ́n sì gbé e padà.