Àwòrán Mi Lójú Títì Ìpájà

Òórùn kẹ́míkà tó ti bàjẹ́, tó dà pọ̀ mọ́ ìtọ̀ eku: ibikíbi tí mo bá ti gbọ́ ọ, inú sítọ̀ tó wà lẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé wa l'Ẹ́gbẹ́dá ni ọkàn mi ń lọ tààrà. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ti èmi tíṣà ìṣirò mọ́ lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ bá ń ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Wọ́n á ti ìbéèrè gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, màá ṣe é, ìdáhùn á gba ibẹ̀ jáde lọ bá àwọn ọmọ. Mọ́mì, ìyá tó ni ilé-ìwé, á sì ti àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn níta, kí alámòójútó tó bá yọjú lè rò pé kò séèyàn níbẹ̀.

O máa ní kí ló dé tí mi ò kúrò. Kí n lọ síbo, jàre? Àwòrán mi ni wọ́n tẹ̀ sára bánà gbàgàdà kan lójú títì Ìpájà, èmi nínú kóòtù, mo ń rẹ́rìn-ín: "Lọ́dọ̀ tíṣà yìí, ọmọ kì í féèlì." Háà, mo fẹ́ràn bánà yẹn! Àwọn aránṣọ Akọ́wọ́njọ á máa pè mí, "Bàbá Ìṣirò!" orí mi á wú. Àwọn òbí ń kó ọmọ wá láti Gowon Estate nítorí mi. Bẹ́ẹ̀, mo mọ èèyàn kọ́ o, àbí mo rò bẹ́ẹ̀ ṣá.

Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ aránṣọ kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá kọ ìbéèrè tó le sójú pátákó, ẹ̀rín lọmọ yẹn máa ń rín. Láàárọ̀ ìdánwò, ó wá bá mi lẹ́nu sítọ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ dá a ṣe."

Mọ́mì, tó ti mú àgádágodo dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wò mí. "Tó bá féèlì ńkọ́? Ojú ta ló wà lójú títì?"

Mo mọ̀ pé ọmọ yẹn á yege. Àyà mi ṣáà já. Mo ní, "Dà á kọ bí mo bá ṣe fún ẹ. Ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni?" Omi lé ròrò sójú ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Mọ́mì tì mí mọ́lé, ó sì lọ dúró tì í lórí títí ó fi dà á kọ tán.

Ó yege. Gbogbo wọn ló yege. Ìyá ẹ̀ gbé àkùkọ wá dúpẹ́, ó ní kí Ọlọ́un fi alùbáríkà síṣẹ́ mi. Mo ṣe àmín, mo sì gba àkùkọ náà.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí obìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi n'Ígàndó. Òun ni. Mo bi í bóyá ó ka ìṣirò ní yunifásítì.

"Wọ́n gbà mí, sà, èmi ni mi ò lọ. Ẹ̀rù bà mí. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá mo mọ̀ ọ́n."

Kò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo fẹ́ sọ fún un pé ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wo ni mo ní? Nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́, òun nìkan ló fẹ́ dán ara ẹ̀ wò, òun nìkan ni ì bá jẹ́ ẹ̀rí fún mi, èmi ni mo sì dí i lọ́wọ́. Wọ́n ti yọ bánà yẹn kúrò; tíṣà mìíràn ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ báyìí. Èmi náà, títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá mo mọ èèyàn kọ́.