Àwo Orin Tí Bàbá Mi Kọ Ojú Rẹ̀ Sí Ògiri

Kẹ̀kẹ́ márúwá ni mo wọ̀ láti Ìkàrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń lọ sí Àkùngbá. Ọmọ yunifásítì kan jókòó tì mí, ó ń gbọ́ orin lórí fóònù rẹ̀ láìfi nǹkan kan sétí, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mo ti fẹ́ bá a wí kí gìtá kan tó dún jáde, tó han gooro bí ìgbà tí wọ́n ń pọ́n àdá. Mo mọ gìtá náà. Mo bi í pé níbo ló ti rí orin náà.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, mà? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú u jáde ni. Àwọn tó mọ̀ nípa orin rọ́ọ̀kì ní kò sí irú ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Etí àwọn ará ibí ló di nígbà yẹn."

Etí wa kò di, ẹ̀yin ọmọ. A gbọ́.

Bàbá mi ló ń ta àwo orin nítòsí ọjà Ìkàrẹ́. Bàbá Olórin ni gbogbo ayé ń pè é, bẹ́ẹ̀ ohùn tirẹ̀ kò dára tó láti fi pe adìẹ. Bẹ́ńṣì gígùn kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí àwo tuntun bá dé, àwọn àgbà orí bẹ́ńṣì yìí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọn á jẹ ẹ̀pà, wọn á jiyàn, wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Èyí tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, bàbá mi á fi páálí rẹ̀ kọ́ ògiri, kí àwòrán iwájú rẹ̀ máa wo títì. Èyí tí wọn kò bá fẹ́, á kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Àwọn tó wá ná ọjà láti Ìṣùà àti Ifira kì í bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó bá kọjú sí wọn ni wọ́n ń rà. Èmi ni mo máa ń nu eruku ara àwọn páálí náà bí mo bá ti ilé ìwé dé.

Sùnmọ́nù ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọmọ ilé wa. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ti kọ́ gìtá, tí yóò máa fi ìka wá ohun tó gbọ́ nínú àwo kiri, títí bàbá mi á fi ní kó lọ jẹun. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Èkó, ó sì gbé àwo tirẹ̀ bọ̀, èyí tí mo gbọ́ nínú kẹ̀kẹ́ yẹn. Ariwo gìtá pọ̀ nínú rẹ̀, ìbínú sì pọ̀ jù ú lọ. Ó kọrin sí àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba nígbà náà: ẹ gbé títì wa mì, ẹ fi kòtò sílẹ̀ fún wa. Èdè Ọ̀kà ló fi kọ apá kan.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ lu àwo náà, ọ̀gá ìjọba kan wà lórí bẹ́ńṣì, ó wá ra orin ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Sùnmọ́nù dúró ní òdìkejì títì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ kanrin kanrin, ó ń wo ògiri wa. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí, nítorí náà ẹsẹ̀ àwọn àgbà ni mo kọ́kọ́ rí. Gbogbo ẹsẹ̀ náà ló ń jó. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà wo ojú ọ̀gá. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ dúró.

"Ariwo lásán," ni ẹnì kan wí. Tíṣà kan ní èdè ará òkè kì í ṣe Yorùbá gidi. Télọ̀ àdúgbò wa bèèrè bóyá ńṣe ni wọ́n ń na gìtá náà ní pàṣán. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà sì wá rẹ́rìn-ín. Bàbá mi mú páálí náà, ó yí i padà.

Sùnmọ́nù kò sọdá títì. Kò sẹ́ni tó ra àwo náà. Ó gbé gìtá jù sílẹ̀, ó gba oko iṣu lọ.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bàbá mi á ti fèrèsé ilé wa, á fi ìró ìyá mi bo sípíkà, á sì lu àwo Sùnmọ́nù jẹ́jẹ́. Ooru á mú wa bí ẹni pé wọ́n ń sè wá. Ìyá mi á ní, "Orin tí ẹ ò fẹ́ lójú ọjà, aṣọ mi lẹ wá ń fi bò ó gbọ́?" Omi á máa dà lójú bàbá mi, á ní òógùn ni.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é títí ó fi kú. Èmi tí mo mọ̀, mo ń gba Ọ̀kà kọjá, mi ò sì yà sọ́dọ̀ Sùnmọ́nù rí. Ojú ló ń tì mí.

Mi ò sọ̀ kalẹ̀ ní Àkùngbá lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa gbé mi lọ sí Ìwàrò. Mo bá Sùnmọ́nù níwájú ilé, ó ń gé èbù iṣu. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ ti ọmọ yunifásítì inú kẹ̀kẹ́ fún un. Ó ní àwọn ọmọ yunifásítì ti wá bá òun ya fọ́tò. Ni mo bá sọ èyí tó gbé mi wá: "Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi fẹ́ràn orin yín. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń gbọ́ ọ."

Kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀, àbúrò. Mo máa ń wá dúró lẹ́yìn ilé yín."

Ọ̀bẹ ń lọ, ó ń bọ̀ lára iṣu.

"Mo rò pé lọ́jọ́ kan, á ṣí fèrèsé."

Ó fà mí dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó fún mi níṣu, mo sì gbà á, nítorí ẹni tó bá jẹ̀bi kò gbọdọ̀ kọ ọrẹ.

Ṣọ́jà ti gbéjọba sílẹ̀. Bẹ́ńṣì ti jẹrà, ẹni tó ń ta fóònù ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wa báyìí. Kòtò ọ̀nà Ọ̀kà ṣì wà níbẹ̀. Wíwo ojú ọ̀gá kí á tó mọ̀ bóyá orin dùn, ìyẹn náà ṣì wà. Àwo Sùnmọ́nù tí bàbá mi ń gbọ́ wà lọ́wọ́ mi, ó ti ha díẹ̀. Mo lù ú ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo sì ṣí gbogbo fèrèsé. Mo yọjú wo ẹ̀yìn ilé. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.