Fíríṣà Tó Wà Lójú Fóònù

Ẹja ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tà ní Lotto, ní Mowe níbí. Nígbà tí fíríṣà wọn kú pátápátá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tí kò bá tà, kó má bàa bàjẹ́. Èéfín ba ojú wọn jẹ́. Dókítà ní bí wọn ò bá kúrò nídìí iná, ojú ọ̀hún lè lọ.

Èmi tí mo ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo kọ ètò kan tí yóò máa yẹ àwọn ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì wò fúnra rẹ̀, tí yóò sì dún lórí fóònù mi bí fíríṣà tí agbára wọn ká bá ti yọjú.

Ó dún lóòótọ́. Fíríṣà ńlá, náírà kan! Mo pe ẹni tó ń tà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Brother, a kàn fi one naira síbẹ̀ ni, kí ẹ lè call wa."

Mo tún ètò náà ṣe kó máa fo náírà kan. Ló bá tún dún: ẹlòmíì ti to oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin tẹ̀ léra, ó pè é ní owó ọjà. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ fóònù mọ́lẹ̀. Ta ló ń tajà tó ń fi iye rẹ̀ pamọ́? Ẹ̀rọ tí mo ní kó máa bá mi ṣiṣẹ́ ti wá sọ mí di ọmọọṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó rí ọ̀kan ní Ibafo, iye tó bọ́gbọ́n mu. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní ó wà, ká máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ìsọ̀, a gbéra.

Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo fóònù mi. "Ah, price àtijọ́ nìyẹn o."

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a jà. Wọ́n jókòó lé fíríṣà náà. "Iye tí o kọ síbẹ̀ ni mo mú wá. Ojú ń dùn mí, mi ò dìde."

Ọmọkùnrin náà họ orí. "Mummy, ẹ má bínú. Èyí tí ẹ jókòó lé yẹn gan-an, wọ́n ti rà á. Ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbé e."

"Kí ló dé tí ẹ ò yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?" Mo ti ń pariwo.

"Tí a bá yọ ọ́, ta ló máa call wa?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Wọ́n fi etí ìró nu ibi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n nu ojú wọn náà, wọ́n ní ká tètè máa lọ, kí àwọn lè dáná kí ẹja tó bàjẹ́.