Dáúdà Tó Ń Ṣe Ọta ní Kíṣìnnì

Gbogbo Peckham ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Alfa Mùsílíù kó àgbà méjì lẹ́yìn wá bá olóògbé Dáúdà Akínbọ̀wálé nílé. Nusaybah, ọmọ Dáúdà tí wọ́n bí sí London, ló fà á. Alfa bi í lẹ́yìn Jímọ̀ pé bàbá rẹ̀ ńkọ́, ó ní, "Daddy wà nílé, sir. Wọ́n ń ṣe ọ̀tá, every weekend. Mummy ti tired."

Ọta ìbọn ló fẹ́ pè o! Ahọ́n òyìnbó ló gbé ohùn tí kò sí níbẹ̀ sí i.

"Dáúdà," ni Alfa wí bó ṣe jókòó, "a ti gbọ́ ohun tí ò ń ṣe nínú ilé yìí."

Inú ọkùnrin náà dùn. "Ẹ ti gbọ́? Alhamdulillah! Ti àárọ̀ yìí ló tiẹ̀ lágbára jù."

"O tún ṣe láàárọ̀ yìí? Àwọn tó wà nílẹ̀ kò tó ọ ni?"

"Wọn ò lè tó láé, Alfa. Ẹ jẹ́ kí n kó wọn wá kí ẹ rí wọn."

Ó gbé tíréè ọta jáde. Háà! Bàtà oníbàtà ni Alfa wọ̀ sá lọ. Àsúmáù, ìyàwó Dáúdà, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Dáúdà kì í ṣe jàgùdà. Ó ní ìwé àṣẹ, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń yìnbọn sí pépà ní Kent. Ṣùgbọ́n ọta tí wọ́n ń tà kò dáa tó fún ọ̀gá! Àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ rọ ẹ̀tù ìbọn sínú idẹ ọta, kó máa wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn wúrà, lórí tábìlì tí ìyàwó rẹ̀ ti ń gé àlùbọ́sà. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dáná.

"Iná àti ẹ̀tù kì í gbé ilé kan," á ní.

"Èmi àti ebi náà kì í gbé e," ni Àsúmáù á fèsì.

"Ọdẹ ni bàbá bàbá mi, Ìyá Nusaybah. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà."

"Ẹran ni bàbá bàbá yín ń pa wálé. Pépà lẹ̀yin ń pa, pépà ọ̀hún ò sì tíì kú."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọta Dáúdà kì í ba nǹkan kan. Á ní afẹ́fẹ́ ni, á ní ẹ̀tù ló lé díẹ̀. Kò dá ojú ara rẹ̀ lẹ́bi rí, aláṣejù!

Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ ìyàwó rẹ̀ fún: kó wá wo òun níbi tí òun ti ń yìnbọn, lẹ́ẹ̀kan péré. Àsúmáù á ní, "Kí n fi shift mi sílẹ̀ wá wo òfò?" Ó máa ń dùn ún. Á tún bẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ kejì.

Nígbà tí Dáúdà ṣàìsàn, tí dókítà ti sọ pé kò sí ohun táwọn lè ṣe mọ́, Àsúmáù gbé kóòtù wọ̀. Ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ní Kent, Dáúdà dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó yìnbọn. Iyanrìn ẹ̀yìn pépà ló fọ́n sókè. Pépà ò mira.

"Ṣé o rí i?"

Àsúmáù, tí kò yin ọkùnrin yìí rí, ní, "Mo rí i. Àárín gbùngbùn ló bà."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Jordan, ọmọ Nunhead, ẹ̀gbẹ́ Peckham, tí òun àti Dáúdà jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyìnbọn, wá kí opó náà. Àsúmáù jẹ́wọ́ fún un pé irọ́ lòun pa.

"Uncle mọ̀, Mummy. Wọ́n pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní, 'Mo tàsé, Jordan. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi wá.'"

Àsúmáù lanu kó bú Dáúdà bí ìṣe rẹ̀. Èébú ò jáde. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "Ọkọ mi" nìkan ló rí sọ.