Agnete Tó Ń Kú fún Àwọn Ará Rọ́ṣíà

Ojú fèrèsé ọsibítù ni Agnete wà nígbà tí Sidsel gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Ọdún tí ọ̀fìnkìn burúkú ń ká èèyàn lọ bí ẹni ń ká àgbàdo ni. Wọn kì í jẹ́ kí ará ilé wọ yàrá aláìsàn, nítorí náà Sidsel dúró sínú ọgbà nísàlẹ̀, ó gbójú sókè. Àbúrò rẹ̀ ṣí fèrèsé, ó sì pariwo bí ẹni ń kiri ẹja létí òkun:

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ má dé àkẹtẹ̀ mi tó ní ìyẹ́ lórí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o! Orí yín tóbi, ẹ máa fà á ya!”

“Orí ta ló tóbi? Sọ̀kalẹ̀ wá sọ ọ́ lójú mi!”

“Ẹ dúró, mò ń bọ̀.”

Nọ́ọ̀sì kan fà á wọlé, ó ti fèrèsé. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ránṣẹ́ sí Sidsel pé ó ti dákẹ́.

Nínú gbogbo ikú tí Agnete kú, ìyẹn nìkan ni wọn ò sanwó rẹ̀ fún un. Ṣáájú rẹ̀, ó ti kú nígbà mẹ́tàlélógún. Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ, ó ti bẹ́ sódò, ọkọ̀ ojú irin ti tẹ̀ ẹ́ pa, kìnnìún arúgbó kan tí kò léyín sì ti fà á ya.

Iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń ṣe ní Valby, lẹ́bàá Copenhagen. Lọ́jọ́ kan, Agnete gbé kọ́là ọrùn ẹ̀wù tí wọ́n ti lọ̀ lọ fún àwọn òṣèré ní ilé gíláàsì tí wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ya sinimá. Inú wàhálà ló bá wọn. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe òkú, gbogbo ẹni tí wọ́n sì tẹ́ sílẹ̀ ló ń ṣẹ́jú. Agnete ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú. Ó dùbúlẹ̀, ó la ojú sílẹ̀. Eṣinṣin rìn láti imú rẹ̀ dé ìpéǹpéjú, kò mira. Lauge Brix, olùdarí wọn, ju ìwo onírin tó fi ń pariwo sílẹ̀.

“Ọmọ yìí mọ òkú í ṣe ju òkú lọ!”

Bí wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́ nìyẹn. Ìparí méjì ni wọ́n máa ń ṣe fún sinimá kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Láàárọ̀, wọ́n á so olólùfẹ́ méjèèjì pọ̀ fún àwa ará ilé. Lọ́sàn-án, wọ́n á pa ọ̀kan nínú wọn fún àwọn ará Rọ́ṣíà, torí ará Rọ́ṣíà kì í gbà pé òun wo nǹkan kan bí omi ò bá bọ́ lójú òun.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Agnete mọ ikú í kú, kò mọ ìyàwó í ṣe, ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n sì ń fi hàn ní Valby. Sidsel á jókòó sí gbọ̀ngàn sinimá, á máa wo àbúrò rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ìyàwó bí ẹni tó tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀.

“Ìyẹn ni wọ́n ń sanwó fún?”

“Ẹ ò tíì rí ibi tí mo ti dára ni. Ó wà ní Rọ́ṣíà.”

“Ẹn-ẹ́n. Oko ọ̀lẹ kì í sún mọ́lé.”

Ó dun Agnete wọra. Lẹ́tà ń wá láti Odessa ní Rọ́ṣíà, omijé ti ba tádàwà inú wọn jẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ kó yin òun kò rí nǹkan kan. Ó búra pé ẹ̀gbọ́n òun gbọ́dọ̀ rí ikú òun, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ó mú un lọ sí ilé gíláàsì.

“Ẹ jókòó síbí. Ohun yòówù kí ẹ rí, ẹ má dìde.”

“Ṣé ọmọdé ni mí ni?”

Valdemar Hejl, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń sin ẹyẹ ìbákà nílé, ló ń ṣe ìjòyè ìkà kan tí wọ́n ń pè ní báróònù. Ó da májèlé sínú wáìnì.

“Má mu ún!” ni Sidsel kígbe. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn, torí sinimá ìgbà náà kì í gba ohùn. Agnete mu ún. Ó di ọrùn mú, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ bí fìtílà tí epo tán nínú rẹ̀. Sidsel gbàgbé ara rẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń gbé áyọ́ọ̀nù onírin. Ó fò wọ iwájú kámẹ́rà, ó fọ́ báróònù létí, irunmú àlẹ̀mọ́ ọkùnrin náà sì bá a lọ́wọ́ lọ.

“Ọ̀daràn! Kí ló fi ṣe ọ́?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” ni Hejl wí, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, “mi ò lè pa adìẹ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi!” Agnete kígbe látilẹ̀. “Ẹ ò ṣe jẹ́ kí n kú tán?”

Ìkùukùu bo oòrùn, ilé gíláàsì ṣókùnkùn, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn bàjẹ́. Lauge Brix gbé ìwo rẹ̀ sẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú rẹ̀ gan-an ni Sidsel dúró sí: “Obìnrin yìí kò gbọdọ̀ wọ ibí mọ́!”

Ẹ̀bẹ̀ ni Agnete fi mú ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ sinimá náà. Ọ̀gá ní àpótí sinimá kan ń padà bọ̀ láti Petersburg nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun á yọ ikú kan nínú rẹ̀ fún Sidsel wò. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ogun bẹ́. Ogun ò tíì tán, àwọn ará Rọ́ṣíà lé ọba wọn. Kò sí àpótí, kò sí lẹ́tà mọ́.

“Gbogbo Rọ́ṣíà ló ti sunkún mi,” Agnete máa ń wí, bó ti ń fi bọ́tà ra búrẹ́dì dúdú. “Ẹ̀yin nìkan ló kù.”

“Jẹun, jàre. Wọ́n ti rí nǹkan mìíràn sunkún lé lórí.”

Ọdún karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ọkùnrin kan láti Odessa kanlẹ̀kùn. Gleb lorúkọ rẹ̀, ó ti ní ilé sinimá rí, àdírẹ́sì tó wà lára lẹ́tà tí Agnete fi dá a lóhùn nígbà kan ló sì mú un débẹ̀. Nínú ẹrù tó gbé sá kúrò ní Rọ́ṣíà, agolo pẹrẹsẹ kan wà. Ìparí sinimá kan, èyí tí Agnete ti kú, ló wà nínú rẹ̀.

“Ìyàwó mi sunkún,” ló wí, bó ti ń fọ́ èdè wa mọ́lẹ̀ bí àwo. “Èmi sunkún. Ìyá ìyàwó mi pàápàá sunkún! Obìnrin yẹn kò sunkún níbi òkú ọkọ rẹ̀ o!”

Sidsel fi ẹja àti ọ̀dùnkún bọ́ ọ títí ó fi bẹ̀bẹ̀ pé ó tó.

Màdáámù Kjeldgaard tó ni gbọ̀ngàn sinimá ní kó gbé agolo náà wá ní ọjọ́ Ajé èyíkéyìí kí àwọn èrò tó dé, òun á fi sinimá inú rẹ̀ hàn án lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, Sidsel wọ aṣọ dúdú, ó gbé agolo dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, ó sì yà lọ ra ẹja.

“Kí ló dé tí o ò wọlé?” ni Màdáámù Kjeldgaard bi í.

“Ẹja tútù ló dé, mi ò ráyè.”

Èyí tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, aṣọ pọ̀ nílẹ̀.

“Sidsel, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni!”

“Mo mọ̀. Kì í pẹ́ kó tó kú.”

Ọdún mẹ́ta nìyí. Agolo náà wà lórí àpótí aṣọ. Sidsel kò tíì wò ó.