Wọ́n Ní Bàbá Hàwáwù Wà ní Mẹ́kà

Láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, bí ẹ bá dé Jànkárà tí ẹ ní ẹ ń wá ojúlówó ọṣẹ dúdú, ọ̀dọ̀ Ganiat ni wọ́n máa júwe fún yín. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í pariwo tà. Yóò jókòó sáàárín kànrìnkàn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa pọ́n ọṣẹ sínú ewé, ojú rẹ̀ á sì máa wo ibòmíràn. Èmi Adéníkẹ́ tí mò ń ta òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń bá a pe oníbàárà, torí ẹnu tèmi kì í sinmi. Ìjẹ̀bú ni mí, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Mùsùlùmí ni òun, ilé ọkọ rẹ̀ sì wà nínú Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an. Ìyẹn ò kan ọ̀rẹ́ wa. Bí mo bá ń bú ẹni tó ná ọjà mi ní ìnákúnàá, òun á kàn máa rẹ́rìn-ín.

Lùkúmọ̀n ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni. Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì, kó máa gba apá ọ̀tún, ló kú. Ọdún yẹn ń parí lọ, síbẹ̀ gbogbo wa la ṣì máa ń wo òdì ká tó rántí. Lùkúmọ̀n fẹ́ sọdá ní Adéníji Adélé. Ó wo apá tó ti ń wò láti kékeré, mọ́tò sì gba apá kejì yọ sí i. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Hàwáwù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ìwé rẹ̀ ní Lafiají lákòókò yẹn, kò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ àṣà wa. A kì í là á mọ́ ọmọdé lójú pé bàbá rẹ̀ kú. A ó ní ó rìnrìn àjò. Ìgbà tí àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ń palẹ̀ mọ́ ni, ni Àlhájà Memunat bá ní Mẹ́kà ni Lùkúmọ̀n lọ. Àlhájà yìí ló bí Lùkúmọ̀n, òun náà ni àgbà pátápátá nínú agbo ilé wọn. Ẹnu àgbà lobì ń gbó sí; bó bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ikú létí ọmọ náà. Wọ́n gbé Hàwáwù wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ìbátan wọn, kó má baà rí ìyá rẹ̀ nínú opó. Ganiat ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Yàrá tó ń sùn sí, ilé tó ń gbé, ọwọ́ Àlhájà ni wọ́n wà.

Nígbà tí wọ́n fi gbé ọmọ padà dé, àwọn Àlhájì ọdún náà ti ń ti Mẹ́kà bọ̀. Lónìí wọ́n á gba àlejò nílé yìí, lọ́la ó di ilé kejì, pẹ̀lú dàbínù nínú àwo, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ ọmọdé, omi mímọ́ Sámúsámù tí wọ́n ń bù mu ní díẹ̀díẹ̀. Hàwáwù á wẹ̀, á kun àtíkè, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi máa ṣú. Àlhájà á jáde sí i, á ní, "Ó ku ọkọ̀ kan." Ọkọ̀ kan yìí náà ló kù títí òjò fi bẹ̀rẹ̀.

Nílé ìwé Hàwáwù, fèrèsé kíláàsì wọn dojú kọ ọ̀sà. Láàárọ̀, kùrukùru á bo omi, ẹ ò ní mọ ibi tí omi parí sí àti ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kan á wá yọ nínú rẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá, kò ní pariwo, á kàn máa bọ̀. Lójú Hàwáwù, ọkọ̀ kan tó kù náà nìyẹn, ọkàn rẹ̀ á sì bá a lọ. Á gbàgbé ìṣirò, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, kò ní gbọ́, ètè rẹ̀ á sì máa mì. Èmi mọ ohun tó ń sọ, torí ó ń sọ ọ́ létí mi lọ́jà bó bá ti ilé ìwé dé. "Ẹ kú àbọ̀, bàbá mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà, Àlhájì. Ẹ gba omi tútù." Ó ń kọ́ ìkíni sílẹ̀ ni. Kò fẹ́ kí ẹnu òun kọ́ lọ́jọ́ tí bàbá bá dé. Ganiat á gbọ́ ọ, á tẹrí ba sórí ọṣẹ, á máa pọ́n ọn lọ.

Tíṣà wọn, Mísì Olúbùnmi, kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó fẹ́ràn ọmọ náà. Nígbà tó rí i pé ó ń dá sọ̀rọ̀, ó sọ fún dókítà tó máa ń wá wo àwọn ọmọ ilé ìwé wọn. Wọ́n ní kí òbí wá. Iṣẹ́ tí wọ́n rán bá Àlhájà nílé, ọjà ni Ganiat wà, Àlhájà sì wé gèlè funfun rẹ̀, ó lọ. Ta ló máa bi í? Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé, àgbà ilé ló ń gbọ́ ọ. Dókítà bi í níbo ni bàbá ọmọ wà. Ọmọ dúró tì wọ́n níbẹ̀, ó tẹ́tí. Àlhájà ní, "Ó wà ní Mẹ́kà." Dókítà ní ṣé aburú kankan ò ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ó ní rárá, àlàáfíà ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bó bá jẹ́ àlàáfíà, kí ló tún kù ju pé kí ọpọlọ ọmọ máa yọ ọ́ lẹ́nu lọ? Dókítà ní oògùn kan wà tí á máa lò láràárọ̀ nílé ìwé, ṣé wọ́n fọwọ́ sí i? Àlhájà ní òun fọwọ́ sí i. Ó padà sílé, kò wí fún ẹnì kankan. Ẹnu tíṣà la ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tó yá.

Àwa ní tiwa, a kàn rí i pé ọmọ ń sùn ni. Bó bá dé ọjà, á gbé orí lé kànrìnkàn, oorun á gbé e lọ. Bí ẹ bá jí i, á wò yín bí ẹni tó wà lódìkejì omi. Kò kí bàbá rẹ̀ mọ́. Ganiat rò pé ibà ni, ó ń se àgbo fún un. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Hàwá, oorun rẹ yìí mà ti pọ̀ jù, kí ni wọ́n fún ọ jẹ?"

Ó ní, "Oògùn ọpọlọ mi ni, mà. Èyí tí Ìyá Àgbà ní kí wọ́n máa fún mi nílé ìwé."

Ọwọ́ Ganiat dúró. Ó tẹjú mọ́ mi bíi pé èmi ni mo fún un. Ó ní, "Adéníkẹ́, èmi ni mo bí i, mi ò mọ̀." Inú bí mi débi pé mo bú oníbàárà tí kò ṣẹ̀ mí.

Mo bá a délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àlhájà, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀wọ́, wọ́n ń fún Hàwá lóògùn ọpọlọ." Àlhájà ní òun mọ̀, òun lòun gbà. Ó ní ta ló bí bàbá rẹ̀? Ganiat ní ohun tó ń ṣe ọmọ náà kì í ṣe àìsàn, bàbá rẹ̀ ló ń retí, ẹ jẹ́ ká sọ fún un. Mo rò pé ìyá àgbà á jágbe mọ́ ọn. Kò jágbe. Ó ń fi àtàǹpàkò ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ní, "Ó ń bọ̀. Ó ku ọkọ̀ kan." Hàwáwù ò sí nítòsí o. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀, a sì jọ mọ ibi tí wọ́n sin Lùkúmọ̀n sí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe ọmọ nìkan ni Àlhájà fi Mẹ́kà tàn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti múra ìjà wá. Bí a ṣe ń jáde, ó pe Ganiat padà, ó ní, "Ẹni tó bá pa ọmọ mi létí ọmọ rẹ̀, kó má padà wọ ilé yìí mọ́."

Ọjọ́ tí dókítà máa wá, a kò pàtẹ. Èmi àti Ganiat fẹsẹ̀ rìn lọ sí Lafiají, òjò ń rọ̀ wínníwínní, ọ̀nà dákẹ́, ó sì dà bíi pé ilẹ̀ gan-an ń tòògbé. Mo ní, "Bí Àlhájà bá lé ọ, yàrá mi gba èèyàn mẹ́ta." Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Dókítà jókòó, Mísì Olúbùnmi dúró, Hàwáwù wà láàárín wọn. Hóró oògùn kan wà nínú àwo pẹlẹbẹ pẹ̀lú ife omi. Ganiat kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Èmi ni mo bí i, sà. Ẹ ò bi mí."

Dókítà wo tíṣà, tíṣà wo ilẹ̀. Dókítà ní, "Àgbà ilé yín ló wá, mà, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó. Mò ń bi yín báyìí. Níbo ni bàbá Hàwáwù wà?"

Ganiat ò jókòó. Mo rí i tó wo oògùn inú àwo, tó wo ọmọ, oorun àná ṣì wà lójú ọmọ náà. Mo mọ̀ pé ilé rẹ̀ ló ń dágbére fún nínú ọkàn rẹ̀. Ó wá yí sí ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, ó gbá èjìká rẹ̀ méjèèjì mú.

"Hàwá, bàbá rẹ ò lọ sí Mẹ́kà. Mọ́tò ló gbá a. Ó ti kú, ọmọ mi, a ti sin ín. Kò ní dé mọ́."

Ọmọ náà wò ó. Ó wo fèrèsé, ó tún wò ó. Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Kò sí nínú ọkọ̀ kankan?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Kò sí nínú ọkọ̀ kankan."

Igbe tí Hàwáwù ké, àwọn ọmọ kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dìde. Ó ṣubú lu ìyá rẹ̀ láyà, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ń pe bàbá rẹ̀. Ẹkún ọ̀pọ̀ oṣù ló ń sun. Ẹ̀rù ba Mísì Olúbùnmi, ó sáré gbé àwo oògùn. Dókítà na ọwọ́, ó dá a dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ti Ganiat dọ́gba.

Ó ní, "Ìyá Hàwáwù, ṣé ká fún un?"

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi obìnrin yìí léèrè ohun tó fẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú òun náà.

Ó ní, "Rárá, sà. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Bàbá ẹ̀ ló kú."