Ohun Tí Mi Ò Sọ fún Dókítà Ẹ̀yìn

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ kú. Mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo fi ojú rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ti wọlé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun kan òun. Mo ní pajápajá lásán ni. Mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì, mo dìde, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Peckham, nílùú òyìnbó níbí, lọ síbi iṣẹ́ ní Sydenham, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ọdún mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá ń gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga fún ọdún mẹ́rìnlá, ẹ̀yìn rẹ̀ á ké. Tèmi ti ń ké tipẹ́, èmi ni mi ò dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó gòkè. Ó kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó dé itan, ó wá dé ibi tí ǹ bá má kọ síbí tí kì í bá ṣe pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Ó dé ìdí mi àti ojú ara mi. Bí mo bá ń nùdí, mi ò mọ̀ bóyá ìwé kàn mí. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, mo máa jókòó títí kí ìtọ̀ tó rántí pé òun ni mò ń dúró dè. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Kò bà mí. Bí ara ṣe kú ni ọkàn náà kú, gbogbo rẹ̀ wá dún létí mi bí ìròyìn ará ilé kejì.

Ní ìjọ wa, a kì í fi ẹnu ara wa jẹ́wọ́ àìsàn. Orí lè máa fọ́ ẹ bí ẹni fẹ́ là á, wàá ní ara rẹ le. Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún ọmọbìnrin mi kò ju pé ẹ̀yìn ń ro mí.

Ó ní, “Mummy, mo ti bá yín book chiropractor, dókítà ẹ̀yìn, ní Peckham níbí. Yoruba boy ni o! Ẹ máa like ẹ̀.” Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé ọkọ ló rí.

Òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta irun ni yàrá ọmọ náà wà. Bí mo ṣe wọlé, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán ma, Mummy.” Ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, ó kí mi bí ọmọ ṣe ń kí ìyá, orí mi sì wú. Ọmọbìnrin mi jókòó sí igun yàrá.

Ọmọ náà béèrè nípa ẹ̀yìn, mo dáhùn. Ó béèrè nípa ẹsẹ̀, mo ní ó ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wálẹ̀.

“Mummy, ẹ má bínú o, everybody ni mo máa ń ask. Between the legs, ṣé ó numb? Ṣé ẹ ń tọ̀ dáadáa?”

Ojú ń tì í. Ojú tì mí ju tirẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ìyá òyìnbó mẹ́jọ láràárọ̀ bóyá wọ́n ti tọ̀, tí mò ń yẹ ìdí wọn wò bóyá ó bó! Ǹjẹ́ mo fẹ́ sọ ti ojú ara mi fún ọmọ tí mo lè bí?

Mo ní, “Rárá o. Ọlọ́run ò ní jẹ́. Ara mi le koko.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe fún mi. Ó ní okùn kan ti inú ọpọlọ wá, ó gba àárín eegun ẹ̀yìn kọjá, àwọn iṣan tí ń gbé ìròyìn ara sì yà kúrò lára rẹ̀ bí ẹ̀ka. Bí òun bá sún oríkèé eegun kíákíá, ìròyìn tuntun á lọ sí ọpọlọ, ẹran ara tó ti le á dẹ̀, ìrora á fúyẹ́ fúngbà díẹ̀. Pé ohun tó ń dún kì í ṣe eegun, afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ni.

“Kì í ṣe magic, Mummy. Tí nǹkan bá tẹ nerve yẹn gan-an, èmi ò lè gbé e kúrò. Hospital ni.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ká orúnkún mi, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí mi, ó ní kí n mí síta. Kọ́! Ooru rìn láti ẹ̀yìn dé ọrùn mi, èjìká mi sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù fún. Fún ọjọ́ méjì, ẹ̀yìn kò ro mí mọ́. Mo yin ọmọ náà fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbọ́ níbi iṣẹ́. Ibi tó kú kò jí.

Lọ́sẹ̀ kejì, èmi àti ọmọbìnrin mi padà lọ. Ọmọ náà fi òòlù rọ́bà kékeré lu ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ òsì ta. Ti ọ̀tún sùn síbẹ̀. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé òòlù sílẹ̀.

“Mi ò ní touch yín today, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ask yín nígbà yẹn, ṣé ẹ sure pé kò sí?”

“Kò sí,” ni mo wí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé funfun tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ ti tutù rin. Mo fọwọ́ kan síkẹ́ẹ̀tì mi, òun náà tutù. Mi ò mọ ìgbà tí ìtọ̀ jáde. Ọmọbìnrin mi ní, “Mummy?” Ọmọ náà bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó so ó mọ́ mi ní ìbàdí láìwo ojú mi, ó pe táksì, ó sì kọ lẹ́tà tí a máa fún wọn ní hospital.

Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé tìmùtìmù tó wà láàárín eegun méjì ti yọ síta, ó jókòó lé àwọn iṣan tó ń lọ síbi ìtọ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Dókítà òyìnbó béèrè ìgbà tí ibẹ̀ ti kú. Mo ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun ì bá fẹ́ rí mi lọ́jọ́ kìíní. Pé ẹsẹ̀ á padà, ṣùgbọ́n ìyókù, òun ò lè ṣèlérí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò sunkún.

Ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà wá kí mi. Ó tún tẹ̀ ba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lójú gbogbo àwọn aláìsàn. Ó ní ṣé ibẹ̀ ti ń jí.

Mo ní, “Kò tíì jí. Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ mí lára ni mo fi ń tọ̀.”

“Mummy, mo ask yín. Twice.”

“O béèrè.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ká ní o ò kí mi bí ọmọ ṣe ń kí ìyá ni,” mo ní, “ǹ bá sọ fún ẹ.”

Ó bú sẹ́kún. Ó dùn mí. Kò sí ohun kan tó ti dùn mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi ti kú, àfi ìyẹn.